Pákó Orí Àjà

Ẹni tó bá ti dín iyanrìn nínú agbada gàrí rí, kó nawọ́ sókè kí n rí i. Èmi Ṣìkẹ́mi dín in. N óò jókòó ti iná láti àárọ̀, n óò máa fi igbá ro ó títí yóò fi gbẹ, tí yóò máa dún ṣàràṣàrà. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìkẹ́nnẹ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyá Láídé, ṣé ó ti jinná?" Èmi náà á ní kí wọ́n lọ gbé omi àti ṣúgà wá, ká jọ mu ún. Ẹni tí kò bá lè rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn á bá a rín in.

Iṣẹ́ ọkọ mi ló sọ mí di bẹ́ẹ̀. Adétúnbọ̀ kì í ṣe irú àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ sára páànù. Sáìnbọ́ọ̀dù tirẹ̀, ara igi ni lẹ́tà rẹ̀ ti máa ń yọ síta, afọ́jú lè fọwọ́ kà á. Ó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní rútà, iná ló ń lò. Òun ló fi ń gé etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yí ká. Bó bá gé e tán, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ tíúbù ọkọ̀ mọ́ orí àwọn lẹ́tà náà, yóò wá yá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ Táyé tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, yóò fi fẹ́ iyanrìn gbígbẹ lu pákó. Iyanrìn á jẹ gbogbo ibi tí tíúbù kò bò. Nígbà tó bá ká tíúbù kúrò, àwọn lẹ́tà á dìde dúró, ilẹ̀ tó yí wọn ká á jìn sínú, tí a óò máa rí iṣan igi nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ọ̀dà. Iyanrìn tó bá tutù máa ń dí ẹnu ọ̀pá afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí agbada gàrí mi fi di ti iyanrìn.

Ìkẹjà ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe pátákó fún àwọn báǹkì. Lọ́dún tí àwọn sójà tún gba ìjọba, tí ọjà dá páropáro, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Rútà kan tó ti gbó ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ó gbé e wá sílé bàbá rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó ní Rẹ́mọ kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Òótọ́ ni, Rẹ́mọ kò rí i rí. Pátákó tó kọ́kọ́ ṣe, ilé ìwé kan ló ṣe é fún, pákó tútù ló sì lò. Oòrùn pa á, ó sì là sí méjì gbọọrọ láàárín orúkọ ilé ìwé náà, lójú àwọn ọmọ àti tíṣà. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ mi bá ń bọ̀ lójú títì, àwọn èèyàn á ṣe bí ẹni pé ojú ọ̀run ni àwọn ń wò. Kò sẹ́ni tó ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Á jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, á máa fi òróró nu rútà tí kò ṣe nǹkan kan. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé ọkùnrin yìí lè ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Bàbá ọkọ mi, Bàbá Ṣóbọ̀wálé, káfíńtà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku. Òun ló kan èyí tó pọ̀ jù nínú àga ìjọ wa. Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ayé ìgbà náà ti máa ń ṣe, ó ti tọ́jú pákó tí wọ́n máa fi kan pósí rẹ̀ sórí àjà. Ìrókò ni, oko bàbá tó bí i lọ́mọ ló ti gé e, kí wọ́n tó bí Adétúnbọ̀ rárá. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ní kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, yóò fi kẹrosíìnì nù ún, yóò fọwọ́ pa á lára, wọ́n á sì dá a padà. Yóò na ìka sí èyí tó fẹ̀ jù nínú wọn, yóò ní, "Ìdérí mi nìyí. Ikán ò gbọdọ̀ jẹ mí kí ilẹ̀ tó jẹ mí."

Bàbá kò fẹ́ràn rútà. Ó ní ewúrẹ́ ni, ó kàn ń jẹ igi ni, kò mọ ohun tó ń jẹ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nínú ilé náà, mi ò gbọ́ kó yin iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Adétúnbọ̀ á gbé pátákó kọjá níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàfihàn, bàbá á kàn ní kó rọra, kó má fi kan ògiri.

Ìgbà tí òjò mú ìlú ni Alájì Yísà ránṣẹ́ sí wa. Oníṣòwò obì ńlá ni, ará Ìjòkú ní Ṣàgámù, obì rẹ̀ ń lọ títí dé Kánò. Ó kọ́ ilé ìtọ́jú obì tuntun sójú títì, ó fẹ́ ṣí i lẹ́yìn Iléyá, ó sì fẹ́ kí orúkọ òun yọ gẹdẹgbẹ lókè ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú àwòrán apó obì tó là, kí wọ́n rí ojú obì nínú rẹ̀. Ó ti gbọ́ nípa pátákó tó là. Ó ní, "Bí tèmi bá là, Adétúnbọ̀, má jẹ́ kí n tún rí ọ ní Ṣàgámù mọ́."

Ọkọ mi wá gbogbo ilé ìlagi kiri. Kò síbi tí kò dé. Gbogbo pákó ló ń kán omi. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ti Ìpẹ̀rú dé, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbójú sókè sí àjà, kò sì gbé ojú náà wálẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Láídé, má dán an wò."

Ó ní, "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bàbá ò tíì fẹ́ kú."

Lóòótọ́, ẹsẹ̀ ló ń dun Bàbá nígbà náà, ó ti dùbúlẹ̀ sí yàrá fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó sì ń bá àwọn èèyàn jà. Mo bá ọkọ mi fa ọ̀rọ̀ náà títí ohùn mi fi há. Ó ní òun ti gbọ́. Mo lọ sí ọjà lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo fi máa dé, ìdérí Bàbá ti wà lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i, ó ti gé etí rẹ̀. Igi tí wọ́n ti gé, ta ló fẹ́ lẹ̀ ẹ́ padà? Mo gbé agbada mi kaná.

Ògiri kan náà ni ṣọ́ọ̀bù àti yàrá Bàbá jọ pín. Nígbà tí iná dé, rútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mò ń ro iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọwọ́ ọkọ mi. Ó gé "ALÁJÌ" tán, ó mọ́ rekete. Ó bọ́ sí "YÍSÀ". Ibi tó ti ń yí ikùn lẹ́tà S ni Bàbá ti wúkọ́ ní yàrá. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kíkan. Ọwọ́ ọkọ mi ta, rútà ta, ó bu S náà jẹ níkùn.

Ó pa ẹ̀rọ náà. Àwa méjèèjì tẹ́tí sí ògiri. A retí kí Bàbá pè. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi po gọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun igi náà fúnra rẹ̀, ó fi dí ojú ibi tó bu, ó ṣí ẹ̀rọ, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó parí, n kò ní parọ́, ó dára. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí aró, àwọn lẹ́tà ń tàn bíi góòlù, apó obì yẹn là gẹ́rẹ́, ojú obì inú rẹ̀ pupa. ALÁJÌ YÍSÀ, ONÍGBÀǸJA. Kò sí ojú tó lè rí ibi tó ti bu. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti wá fọwọ́ kàn án. Oòrùn yọ, òjò rọ̀, kò là. Dókítà kan ránṣẹ́ láti Ìpẹ̀rú. Ìjọ kan ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó tilẹ̀ tún ń kọrin tó bá ń wẹ̀.

Àfi bí àìsàn Bàbá ṣe yí. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wú dé ikùn. Oúnjẹ kò lọ mọ́. Ó pe ọkọ mi, ó ní, "Ẹ gbé pákó mi sọ̀kalẹ̀ kí n rí i."

Ọkọ mi ní, "Òjò ń rọ̀, Bàbá. Yóò tutù."

Bàbá wò ó, ó yíjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kejì ó tún bi í. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún bi í. Ọ̀rọ̀ náà wá di ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ bó bá ti lajú: "Pákó mi ńkọ́?" Èmi ni mò ń fún un ní omi ẹ̀kọ, n kò sì lè wo ojú rẹ̀. Mo máa ń wo ibi tí ẹ̀kọ ń gbà wọlé.

Ọkọ mi wá pákó ìrókò mìíràn rà, tútù ni. Ó gbé e sókè àrò, èmi sì ń dáná sábẹ́ rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, èéfín fẹ́ẹ̀ fọ́ mi lójú. Nígbà tó jọ bí ẹni pé ó gbẹ, ó fi ìfági fá a, ó fi kẹrosíìnì pa á, ó gbé e tọ Bàbá lọ. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó gbé e lé e pẹ́.

Ó ní, "Èyí ṣì ń mu omi. Ìdérí mi dà?"

Ọkọ mi gbé pákó náà jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó káwọ́ lérí. Mi ò tíì rí i kó sunkún rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ó lọ bá Alájì Yísà. Ó parọ́ pé ọ̀dà náà kò dára, pé ó máa ṣí, kó jẹ́ kí òun gbé e lọ tún ṣe. Alájì ní, "Jẹ́ kó ṣí ná. Ọjọ́ tó bá ṣí, n óò pè ọ́." Ó tún padà lọ, ó ní òun máa ṣe tuntun tó tóbi jù ú lọ fún un. Alájì rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò gbọ́ rí pé ẹni tó ta ẹṣin tún ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun gùn ún.

Ohun tó yẹ ká sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Bí Alájì bá gbọ́ pé ìdérí pósí ni òun gbé kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà òun, kò ní jẹ́ kó sùn níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún ọkọ mi láyé? Ọ̀rọ̀ náà wá di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ kan lè kú kí òmíràn dé, bàbá kan ṣoṣo ló ní. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, mo sì tún padà wá sọ ọ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àlùfáà wá fún Bàbá ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lórí ibùsùn. Bó ti ń ka àdúrà lọ ni Bàbá dá a lẹ́nu. Ó ní, "Àlùfáà, ẹ bá mi bi wọ́n. Pákó mi." Àlùfáà wo ọkọ mi. Gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé àlùfáà wá wo ọkọ mi. Ó dìde, ó jáde. Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń nu bàtà rẹ̀. Ó ní, "Múra. À ń lọ bá Alájì láàárọ̀ ọ̀la."

Nígbà tí a dé Ìjòkú lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì obì ká, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀. Alájì jókòó láàárín wọn, ó ń yẹ obì wò. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

Ó ní, "Alájì, ẹ jọ̀ọ́. Pákó tí mo fi ṣe pátákó yín, ti bàbá mi ni. Ìdérí pósí rẹ̀ ni. Ó ń kú lọ, ó sì ń bèèrè rẹ̀."

Obì tó wà lọ́wọ́ Alájì bọ́. Ó ní, "Pósí? Lókè ẹnu ọ̀nà mi? Àwa tí a kì í tilẹ̀ sin òkú sínú pósí!" Àwọn obìnrin ti dìde. Wọn ò gba abẹ́ pátákó náà jáde o, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sá gbà, wọ́n ń ké Lá iláhà illalláhù. Ọ̀kan da apẹ̀rẹ̀ obì nù, kò sì padà ṣà á.

Alájì fò dìde. Ó sọ fún ọkọ mi pé òun yóò fọ́ orí rẹ̀, pé òun ti ń gba abẹ́ òkú wọlé láti ìgbà Iléyá láìmọ̀. Ó tọ́ sí wa. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan àkàbà. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gùn ún, tó tú ìdè, tó gbé e sọ̀kalẹ̀.

Bí a ti fẹ́ máa lọ, Alájì pè é. Ó ní, "Ṣé o ní bàbá náà ṣì wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, Alájì."

"Kí lo wá dúró ṣe? Sáré." Ó yíjú kúrò. "Má sì jẹ́ kí n tún rí ọ."

Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú wa dé gáréèjì. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́ ní bí wọ́n bá gbé pákó yẹn sórí ọkọ̀, àwọn á sọ̀ kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà bẹ̀ wá. Ọkọ mi ṣe òṣùká, ó ru ìdérí bàbá rẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn. Òjò bá wa lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń tẹ̀ lé wa, wọ́n ń fi ohùn rara ka orúkọ Alájì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo lé wọn títí ó fi rẹ̀ mí. Àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń gbà, pé kí a bá a láàyè.

A bá a láàyè. Ọkọ mi kò wọ yàrá lọ. Ojú ń tì í láti gbé orúkọ ẹlòmíràn tọ bàbá rẹ̀ lọ. Ó gbé pákó náà sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, ó nù ún gbẹ, ó mú ìfági tí Bàbá fi ṣiṣẹ́ láyé rẹ̀, ó fẹ́ fá àwọn lẹ́tà náà kúrò. Ó gbé ìfági sí i, ó tì í lẹ́ẹ̀kan. Góòlù bó.

Bàbá wúkọ́ ní yàrá.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ mi gbé ìfági sílẹ̀.

"Gbé e wọlé," Bàbá ní. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an.

A gbé e lé e lẹ́sẹ̀ lórí ibùsùn. Kò gbójú sókè wò ó, ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó fi ìka tẹ̀ lé etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó di etí ibùsùn mú. Ìka Bàbá dé ikùn S, ó dúró. Ó fi èékánná ha ibẹ̀.

Ó ní, "Ibí ni mo ti wúkọ́."

Èmi ni mo ní, "Bàbá, ẹ ti mọ̀?"

"Ṣé káfíńtà kì í mọ ohùn igi rẹ̀ ni? Mo wúkọ́ kó lè dúró. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀." Ìka rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. "Mo wá ń bèèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, kí òun fúnra rẹ̀ lè sọ fún mi."

Ọkọ mi gbé orí lé ilẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ń ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí." Ìka Bàbá tún ti ń rìn lọ, ó kọjá orúkọ, ó dé orí apó obì, ó wọ inú rẹ̀ lọ, ó ń yí i ká.

Ó ní, "Ibi tó kù mọ́."

Ẹni tí kò bá gbé pẹ̀lú Bàbá kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Bí àga ìjọ kan bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ohun tó máa ń sọ náà nìyẹn, kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní, "Má fá a. Bí o bá fá a, á fẹ́lẹ́ jù. Dojú rẹ̀ kọ mí."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bàbá kú. Ọkọ mi ló kan pósí náà, ayùn àti ìfági bàbá rẹ̀ ló sì lò. Àwọn tó wá sìnkú ń na ọrùn láti wo orúkọ Alájì Yísà, ọ̀rọ̀ kún wọn lẹ́nu. Wọn ò rí nǹkan kan, igi tó ń dán ni wọ́n rí. Inú ni orúkọ náà wà, òun àti apó obì rẹ̀, ó kọjú sí Bàbá.

Dókítà Ìpẹ̀rú kò wá mọ́, ìjọ Ẹ̀pẹ́ náà gba ibòmíràn lọ. Àga àti tábìlì ni ọkọ mi ń kàn jẹun báyìí. Agbada àti igbá mi ti padà sídìí gàrí. Ṣùgbọ́n títí di òní, níbi yòówù kí Adétúnbọ̀ wà, bí àgbàlagbà kan bá wúkọ́, yóò gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì dúró.